Ohùn Ìbíwùmí Nínú Igbó Àìbojúwẹ̀yìn

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ẹní àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ gbọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó yára wú u tán, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, bí ẹ bá já a ní agbede méjì, kò ní í so pọ̀ mọ́. Èmi Ọdẹ́yalé ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ sì mọ̀ mí. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n etí odò Òṣìn, èyí tí àwọn ọdẹ ìlú mìíràn lé títí tí wọ́n fi padà sílé lọ ro oko. Èmi ni ẹkùn rí ní ọ̀sán gangan tó yà sínú igbó fún mi bí ẹni pé àna rẹ̀ ni mí. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń yìnbọn, ọwọ́ òsì ni mo fi ń yọ àdá, bí mo bá sì gbàgbéra, ọwọ́ òsì náà ni mo máa ń fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, tí àgbà ọ̀hún á sì bú mi délé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá wa fi okùn so ọwọ́ náà mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ̀tún lè kọ́ iṣẹ́. Ọ̀tún kọ̀, kò kọ́ iṣẹ́. Nígbà tí òsì wá wú bí iṣu, ìyá wa tú okùn náà, ó sì jù ú sínú iná. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni mo wá sọ lónìí, ọ̀rọ̀ Ìbíwùmí àbúrò mi ni.

Aláró ni Ìbíwùmí. Bí ẹ bá rí aṣọ àdìrẹ tó dúdú bí ojú ọ̀run òjò ní agbègbè Òkè-Àfò nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá, ọwọ́ ọ̀hún sì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ nítorí ẹ̀lú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró. Ó lẹ́wà, ó lọ́yàyà, iṣẹ́ kì í sú u. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó dá a fi ohùn kan sí i lọ́fun tí irú rẹ̀ kì í sábà sí lọ́fun obìnrin. Ohùn náà nípọn, ó wúwo, ó ń ró bí ìgbà tí wọ́n bá ń yí ọlọ lórí àpáta. Bí Ìbíwùmí bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri, àlejò á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níta, á ní, “Ẹ kú ilé o, bàbá.” Nínú ilé wa, a kò ka èyí sí. Ìyá wa tilẹ̀ máa ń sọ pé bí Ìbíwùmí bá ti ń kọrin nídìí ìkòkò aró, òun kò nílò alábàárò mìíràn. Ṣùgbọ́n ìta kì í ṣe ilé. Ó wá di ọjọ́ tí àwọn ẹbí Láníyọnu, ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, wá tọrọ rẹ̀. Àgbàlá wa kún. Wọ́n ní kí ìyàwó jáde wá kí àwọn àna rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àna mi.” Ni àbúrò bàbá Láníyọnu kan, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, bá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Ọkùnrin wo ló ń kí wa yìí? Ẹ pe ìyàwó jáde.” Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn mìíràn fi ń nu omi ojú. Mo wo Láníyọnu, ẹni tó ti ń fi ẹnu dídùn pe àbúrò mi lójú ọ̀nà odò. Ilẹ̀ ló ń wò. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rín ń dunni, ṣùgbọ́n ẹnu tó yẹ kó sọ̀rọ̀ tí kò sọ̀rọ̀, ìyẹn ló ń wọ eegun.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìbíwùmí gbé agbọ̀n, ó ní òun ń lọ já ewé ẹ̀lú. Oòrùn kan àtàrí, kò dé. Oòrùn yẹ̀, kò dé. Akíngbadé adẹ́mu ló wá ròyìn fún wa. Ó ní, “Orí ọ̀pẹ ni mo wà tí mo fi rí i tó yà sí ọ̀nà Igbó Àìbojúwẹ̀yìn. Mo kígbe pè é, mo ní níbo ló ń lọ. Ó ní òun ń lọ pààrọ̀ ohùn òun.” Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn igbó náà ní Òkè-Àfò. Wọ́n ní ọ̀gá kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pààrọ̀-má-kábàámọ̀. Ohun tí o bá kórìíra lára rẹ, yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ, yóò sì fún ọ ní èyí tí o fẹ́ràn lára ẹlòmíràn. Àwọn tó lọ síbẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bọ̀, a kò tíì rí i. Àwọn àgbà ọdẹ pè mí, wọ́n ní, “Ọdẹ́yalé, ẹranko là ń lé, a kì í lé ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin baba. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àbúrò mi ni. Bí ó bá wà lẹ́nu kìnnìún, ẹnu kìnnìún náà ni mò ń lọ.” Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo so apó mọ́ ìdí. Ìyá wa di àádùn fún mi, ó gbá èjìká mi mú, ó ní, “Má bá a jà o. Sọ fún un pé ilé dákẹ́.” Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò ní fi ìrìn àjò pa yín létí. Ẹran tí mo pa jẹ lọ́nà àti odò tí mo là kọjá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ọdẹ tí kò rí nǹkan sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà igbó náà gan-an, níbi tí ọ̀nà ti há bí ọrùn ìgò. Mo dé ibẹ̀, mo bá ẹ̀dá kan tó jókòó dí ọ̀nà, tó ń hun agbọ̀n. Bó ti jókòó yẹn, orí rẹ̀ kan ẹ̀ka igi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìkọ́, ojú kan ṣoṣo ló wà níwájú orí rẹ̀, ojú náà sì fẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Kò kí mi, kò dẹ́rù bà mí. Ó kàn ní, “Ta ni ọ́?” Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, n kì í fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Mo gbáyà sókè, mo ní, “Èmi Ọdẹ́yalé, ọmọ Ọdẹ́tòyìnbó, ọmọ arọ́ẹfọ̀n-bí-ẹni-rọ́gi, ọmọ baba tó wọ igbó tí igbó tẹríba!” Ẹ̀dá náà ní, “Bàbá rẹ lò ń sọ. Ìwọ ni mo béèrè.” Bó ti wí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gún yọ nínú ilẹ̀, ó dí mi mọ́ kókósẹ̀. Mo ní, “Ọdẹ ni mí, ọdẹ tí erin ń gbúròó rẹ̀ tó ń sá.” Ó ní, “Iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Bí ìbọn bá sọ nù, ta ni yóò kù?” Ẹ̀gún gun mi dé orúnkún. Mo ní, “Ọmọ Òkè-Àfò ni mí!” Ó ní, “Ìlú rẹ nìyẹn. Ìlú náà ti wà kí o tó dé, yóò sì wà nígbà tí o bá lọ. Ta ni ọ́?” Ẹ̀gún dé ìbàdí, ó gba ikùn, ó ń bọ̀ ní àyà. Mo yọ àdá, mo gé e. Bí mo ti ń gé e ló ń hù. Òógùn bò mí. Mo rí i pé oríkì tí mo kó ró gbogbo, aṣọ tí àwọn ẹlòmíràn rán sílẹ̀ fún mi ni. N kò tíì sọ ohun kan tó jẹ́ tèmi.

Nígbà tí ẹ̀gún kan ọ̀fun mi, mo pa ariwo tì. Mo ní, “Ó dáa. Èmi ni ẹni tí ń fi ọwọ́ òsì ṣe ohun gbogbo. Èmi ni mo sunkún nígbà tí ajá mi kú ju ìgbà tí àbúrò bàbá mi kú lọ, n kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń dojú kọ ẹkùn, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀lọ́ bá fò níwájú mi, ara mi á bù máṣọ.” Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tó tutù, tó ń yọ̀, tó ń wo èèyàn láìṣẹ́jú, kí ló dára níbẹ̀? Mo ní, “Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. N kò rí ẹlòmíràn tí a jọ rí bẹ́ẹ̀, n kò sì wá a mọ́.” Ẹ̀gún rọ sílẹ̀ bí òwú tó tutù. Ẹ̀dá náà fi agbọ̀n sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ta-ni-ọ́ ni wọ́n ń pè mí. Àbúrò rẹ gba ibí kọjá. Mo bi í ní ohun tí mo bi ọ́, ó ní, ‘Ẹni tí mo jẹ́ kò wù mí.’ Ẹ̀gún kì í dí ọ̀nà mọ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ṣe ni ọ̀nà ń fẹ̀ sí i fún wọn.” Mo bi í bí mo ṣe lè gba àbúrò mi àti ohùn rẹ̀ padà. Ó ní, “Ìwọ kò lè gbà á. O kò lè rà á, ìbọn rẹ kò sì lè jà á gbà. Ohun tí èèyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè ní tirẹ̀, ọwọ́ Pààrọ̀-má-kábàámọ̀ kò lè dì í mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ló gbọ́dọ̀ pè é. Tètè lọ o. Orúkọ ni ó máa ń gbà kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti fi orúkọ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pe nǹkan kan ní tirẹ̀ mọ́.”

Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn kúrò lọ́nà, mo sáré. Ibi tí mo já sí jẹ́ ìletò kan tó mọ́ tónítóní, ilé ibẹ̀ ń dán. Àwọn èèyàn ibẹ̀ lẹ́wà títí ó fi ń bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pe orúkọ ẹnìkejì. “Ìwọ” ni wọ́n ń pe ara wọn. Ọkùnrin kan tó ní ẹsẹ̀ ìgalà dúró létí ọ̀nà, ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n, ó fẹ́ máa sáré. Mo ní, “Ará, níbo lò ń lọ?” Ó ní, “Ìyẹn gan-an ni ìṣòro mi. Nígbà tí mo ń tiro, mo mọ ibi tí mò ń lọ.” Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gba ẹ̀rín ẹlẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn bí omi inú àmù, ṣùgbọ́n ó ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí inú ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ bá dùn, kì í ṣe nígbà tí inú tirẹ̀ bá dùn. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Mo yára kọjá. Lábẹ́ àtíbàbà ńlá kan ni mo ti rí Ìbíwùmí. Ojú rẹ̀ kọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n, nítorí ó dorí kodò, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n, ọwọ́ tó wà lára rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí ọwọ́ ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí. Bó ti jókòó ni mo fi mọ̀ ọ́n, tó gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà ọmọdé.

Mo ní, “Ìbíwùmí.” Ó gbé ojú sókè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wá ṣe níbí?” Ohùn tó jáde tín-ínrín, ó dùn bí ti ẹyẹ ẹ̀gà ní àárọ̀. N kò purọ́ fún yín, ohùn náà dára. Ṣùgbọ́n ó ṣe mí bí ẹni tó wọlé tó bá àjèjì lórí àga ìyá rẹ̀. Kí n tó dá a lóhùn, Pààrọ̀-má-kábàámọ̀ ti dé. Bí mo bá ní kí n ṣe àpèjúwe rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò ní tó. Ìgbàkígbà tí mo bá ṣẹ́jú, ojú rẹ̀ ti yí. Imú arúgbó ló wà lójú rẹ̀, eyín ọmọ ọwọ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀, ọrùn ọmọge ló gbé e ró. Kò sí ẹyọ ohun kan lára rẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Ó ní, “Ọdẹ, káàbọ̀. Mo rí ọwọ́ òsì rẹ. Mo mọ bí wọ́n ṣe so ó lókùn. Fún mi, kí n fún ọ ní ọ̀tún akọni kan tí kò tàse rí. Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ, màá dá àbúrò rẹ padà lé e.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo na ọwọ́ náà. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa: ọwọ́ tí mo fi ń jẹun, tí mo fi di ọkùnrin láàárín àwọn ọkùnrin, mo nà án sí i nítorí àbúrò mi. Ìka rẹ̀ ti fẹ́ kan tèmi nígbà tí ọ̀rọ̀ Ta-ni-ọ́ sọ sí mi lọ́kàn: o kò lè rà á. Mo wo ẹnu Pààrọ̀, mo rí i tó ń da itọ́. Mo fa ọwọ́ mi padà, mo ní, “Irọ́ lò ń pa. Bí mo bá fún ọ, wàá ní èmi, wàá sì ní òun. Ohun tí Ẹlẹ́dàá fi sí mi lára kì í ṣe ọjà.” Inú bí mi, mo gbé ìbọn, mo fún un ní ìbọn láyà. Ọta gba inú rẹ̀ kọjá lọ lu òpó. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹlòmíràn. Ó ní, “Àyà tí o yìnbọn fún, mi ò mọ ẹni tó ni ín.” Ó yípadà sí Ìbíwùmí, ó fi ohùn rọ̀ ọ́ bí ìyá tó ń rọ ọmọ: “Ohùn ti dùn. Ọwọ́ ti mọ́. Orúkọ nìkan ló kù. Ìbíwùmí ni wọ́n fi ń rántí ẹ̀rín ọjọ́ náà. Fi sílẹ̀, kí n fún ọ ní orúkọ ọmọ ọba.”

Ìgbà náà ni mo rí i pé gbogbo agbára mi kò wúlò níbẹ̀. Èmi tí ń fi ojú dá ẹran dúró, mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo jókòó lórí ilẹ̀ níwájú àbúrò mi bí ìgbà tí a jọ ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Níbí, bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kì í yíjú padà. Ẹ ò mọ bó ṣe tura tó.” Mo ní, “Mo mọ díẹ̀ níbẹ̀.” Ó ní, “Bí mo bá bá yín lọ, ṣé wọn ò ní fi mí rẹ́rìn-ín mọ́?” Mo ní, “Wọn yóò rẹ́rìn-ín.” Ó ní, “Láníyọnu ńkọ́? Ṣé yóò sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn?” Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, “Kí ni Ọlọ́run fẹ́ fi irú ohùn yẹn ṣe lọ́fun obìnrin?” Mo ní mi ò mọ̀. Ó dìde, ohùn ẹyẹ náà fọ́: “Ẹ ò mọ̀, ẹ sì ní kí n padà!”

Mo ní, “Mi ò mọ̀, Ìbíwùmí. Bí mo bá ní mo mọ̀, mo purọ́ fún ọ nínú igbó irọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè iṣẹ́ rẹ. Nígbà tí o bá mú aṣọ funfun, tí o fi okùn so ó ní kókó-kókó, tí o wá kì í bọ inú aró, bí aṣọ náà bá lẹ́nu, kí ni yóò sọ?” Kò fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ní, “Á ní mò ń fún òun lọ́rùn pa.” Mo ní, “Ṣé aṣọ mọ àwòrán tí yóò yọ?” Ó ní, “Rárá. Ẹni tó so ó ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì tú kókó kan kó tó mu aró tán, ibẹ̀ á bàjẹ́.” Bó ti sọ ọ́ tán, ó ń wo ọwọ́ funfun tó wà lára rẹ̀. Pààrọ̀ ní, “Orúkọ náà, arábìnrin.” Mo ní, “Ìyá ní kí n sọ fún ọ pé ilé dákẹ́.” Ìbíwùmí la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ orin tó máa ń kọ nídìí ìkòkò: “Dúdú, máa bọ̀ nílẹ̀, aró mi, máa bọ̀ nílẹ̀, ibi tó jìn ni aṣọ ti ń mu.” Ẹ mọ̀ pé orin náà máa ń sọ̀kalẹ̀ ni. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kó rẹlẹ̀, ohùn tín-ínrín náà kò lè débẹ̀. Ó tún un ṣe, kò débẹ̀. Ó bú sẹ́kún, ó ní, “Ohùn yìí dùn, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n èmi ò sí nínú rẹ̀.”

Ó nu ojú, ó dúró níwájú Pààrọ̀-má-kábàámọ̀, ó ní, “Mo wá gba ohùn mi.” Pààrọ̀ kò jà. Ó ṣí aṣọ ìkélé kan, ẹ wá wo akèrègbè lórí pẹpẹ, ó tò lọ títí ojú kò fi rí òpin rẹ̀, ewé ló dí ẹnu wọn. Ó ní, “Èwo ni tìrẹ? Yàn dáadáa, èyí tí o bá yàn lo ni títí ayé.” Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn kan jáde tó mú kí irun ara mi dìde nítorí adùn. Pààrọ̀ ní, “Kí ló dé tí èyí kì í ṣe tìrẹ?” Ìbíwùmí ní, “Kì í ṣe tèmi.” Ó ṣí òmíràn, ohùn tí ọba ìbá torí rẹ̀ fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ìbíwùmí gbé itọ́ mì. Mo fẹ́ pariwo, mo fi eyín di ètè mú, nítorí kì í ṣe ẹnu mi ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Ó ní, “Kì í ṣe tèmi.” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ pẹpẹ níbi tí eruku wà. Akèrègbè kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò lẹ́wà, ó ń gbọ̀n, ó ń ró wúruwùru. Ó gbé e mọ́ àyà. Ó ní, “Èyí ni. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé wọn yóò tún fi rẹ́rìn-ín. Tèmi ni. Ọlọ́run ló fún mi, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹbí Láníyọnu kó tó fún mi. Ọwọ́ aró mi náà, tèmi ni. Ìbíwùmí ni orúkọ mi!” Ó já ewé náà. Kó tó pa ẹnu dé, ohùn ti padà sílé rẹ̀. “Orúkọ mi” tó parí ọ̀rọ̀ náà ró débi pé eruku gbọ̀n sílẹ̀ lára pẹpẹ. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, ó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ ìgalà tó ní, “Ẹsẹ̀ tí mo fi ń tiro dà? Tèmi ni.” Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn kan ń wo dígí, wọn kò yíjú. Pààrọ̀-má-kábàámọ̀ ké, gbogbo ẹnu tó jí kó ké pa pọ̀. Mo di ọwọ́ àbúrò mi mú, ó di eré. A sáré títí a fi dé odò kan tí n kò rí nígbà tí mo ń wọlé, tí wọ́n fi igi kan ṣoṣo ṣe afárá lé lórí. Ibẹ̀ ni Pààrọ̀-má-kábàámọ̀ ti rí mi mú. Ṣé ẹ rántí ohun tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà? Igbó náà létí. Mo wo igi náà, n kò rí igi. Ọ̀pọ̀lọ́ ni, láti ìhín dé ọ̀hún, wọ́n gun ara wọn, wọ́n wúlé, wọ́n ń wò mí láìṣẹ́jú. Èyí tó kéré jù nínú wọn tó ajá. Mo fà sẹ́yìn. Ohùn Pààrọ̀ dé láti ẹ̀yìn: “Ọdẹ, ìbẹ̀rù yìí ti pọ̀ jù fún akọni. Fún mi, kí n bá ọ gbé e.” Ẹ ò rí i bó ti gbọ́n tó! Ó wù mí kí n fún un, mo fi Ọlọ́run búra. Mo ní, “Tèmi ni. Ìbẹ̀rù mi ni, màá gbé e kọjá.” Ìbíwùmí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ di ojú, ẹ di etí aṣọ mi mú, ohùn mi ni kí ẹ máa tẹ̀ lé.” Ó bọ́ sórí wọn, ó ń kọrin aró náà, orin náà ń sọ̀kalẹ̀ dé ibi tó yẹ kó dé. Mo di ojú. Ohun tí ẹsẹ̀ mi tẹ̀ tutù, ó ń yọ̀, ó ń mí lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo sunkún, mo gbàdúrà, mo bú ẹni tó dá mi ní ọdẹ, mo tún bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n n kò dúró. Nígbà tí mo tẹ ilẹ̀ gbígbẹ, mo la ojú, mo bá ara mi lórí ìkúnlẹ̀. Títí di òní, mo ṣì ń bẹ̀rù ọ̀pọ̀lọ́. Ẹni tó bá jù ú sí mi lára nínú yín, yóò sùn sínú igbó.

Ta-ni-ọ́ ṣì ń hun agbọ̀n rẹ̀ nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi ojú ńlá náà wo àbúrò mi, ó ní, “Ta ni ọ́?” Ìbíwùmí ní, “Ẹni tó kọjá níjọ́sí kọ́ ni.” Ta-ni-ọ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹsẹ̀. Bí a ṣe délé àti bí ìyá wa ṣe gbọ́ “Ẹ kú ilé o” láti ẹ̀yìn ògiri, tó jáde láìwọ gèlè, tó di ọmọ rẹ̀ lọ́rùn mú tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ fi ọkàn ara yín rò ó. Láníyọnu náà wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí Ìbíwùmí dárí ji òun. Ìbíwùmí ní, “Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fẹ́ mi, ó gbọ́dọ̀ lè gbé ojú sókè nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Lọ kọ́ ọ ná.” Ó lọ. Bóyá ó kọ́ ọ, bóyá kò kọ́ ọ, ẹ lọ bi í léèrè, òun náà lẹ́nu.

Èmi ní tèmi, mo bi àbúrò mi láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e pé ṣé ó ti wá mọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi ohùn náà ṣe. Ó ń di gèlè lọ́wọ́. Ó ní, “Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá fẹ́ lò ó, kò ní wá a tì lọ́fun mi.” Ó gbé agbọ̀n ẹ̀lú, ó jáde. Ọ̀nà ìdí ìkòkò aró gba iwájú ilé gbogbo ládùúgbò, tẹ́lẹ̀rí ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà kí wọ́n má baà kí i. Ọjọ́ náà, ojú títì ló gbà. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wa, mo ń gbọ́ ọ. Ó dé ilé àkọ́kọ́, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o!” Adìyẹ fò. Ó dé ilé tó tẹ̀ lé e, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé!” Níwájú ilé kẹta, àwọn ọmọge kan tó ń gbálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan fara ti ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ìbíwùmí dúró. Mo rò pé yóò sáré kọjá. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó tún gèlè ṣe, ó sì tún wọn kí lẹ́ẹ̀kejì, ó fà á gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, títí ìyá àgbà inú ilé náà fi dá a lóhùn láti orí ẹní pé, “Káàárọ̀ o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?”